Ògiri tí bàbá mi rẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ka ìtàn gbogbo yín nípa ilé àtijọ́ tí ẹ padà lọ wò lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, pàápàá ti ẹni tó ní táìlì ni wọ́n fi bo gbogbo ohun tí òun mọ̀ níbẹ̀. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn òbí mi ti ṣègbéyàwó ní Oǹdó ni. Ilé amọ̀ ayé àtijọ́ ni. Ìgbàgbọ́ ti pẹ́ ní Oǹdó, ọdún 1877 ni Charles Phillips, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, ti dé síbẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀ṣì tiwa pa fún àtúnṣe. Bí a ṣe gbọ́ pé wọ́n ti ṣí i báyìí, Bàbá ní dandan ni kí gbogbo wa lọ: èmi, ìyàwó mi, Màámi àtàwọn ọmọ méjèèjì.

Mo mọ ohun tó ń fà á. Bíríkìlà ni bàbá mi, òun ló sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́dún 1986. Láti Àkúrẹ́ títí a fi kọjá Òwènà, ìtàn yẹn nìkan là ń gbọ́: bí òun ṣe to àkàbà, bí ògiri ṣe ń dán bí awo, bí àlùfáà ìgbà náà ṣe fọwọ́ pa á lára tó ní "Ọ̀gá, o kú iṣẹ́." Ọmọ mi obìnrin ti sùn lọ kó tó dórí àlùfáà.

A wọlé. Ó tutù nínú ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù kankan ò yí. Òrùlé tuntun, fèrèsé tuntun, àwọn àga ìgbà ìwáṣẹ̀ tí wọ́n fá tí wọ́n tún kùn. Bàbá ò wo ọ̀kankan. Ara ògiri ló lọ tààrà, ó fi eegun ìka kàn án, ó tẹ́tí. Ó sún síwájú, ó tún kàn án. Ló bá yíjú sí bàbá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì: "Sìmẹ́ńtì ibí dà?"

Bàbá náà ò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Òun ló fẹ́ pa ilé yìí."

Ó ní amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, pàápàá lásìkò òjò, ara ògiri náà lomi ọ̀hún sì ń gbà jáde tó fi ń gbẹ. Bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi ò ríbi gbà mọ́, inú ni yóò jókòó sí, tí yóò máa jẹ amọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ha gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n fi amọ̀ àti iyanrìn rẹ́ ẹ, wọ́n fi efun kùn ún. Ibì kan ṣoṣo ni wọn ò bò. Gíláàsì ni wọ́n fi dí i, kí èèyàn lè rí ìpele amọ̀ báwọn àgbà ṣe mọ ọ́n, ojú ìka ọwọ́ wọn ṣì hàn lára rẹ̀. Bàbá mi dúró síwájú gíláàsì yẹn pẹ́.

Mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Màámi ló sọ̀rọ̀: "Ẹ má bínú o, ọkọ mi ló rẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn."

Ẹ ò rí bí ojú bàbá náà ṣe rí! Ó ti ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi ní kò sóhun tó ṣe é, pé wọn ò kúkú san owó òun tán títí dòní. Ìyàwó mi sáré jáde lọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí à ń padà, bàbá mi ní ká yà sílé bàbá òun. Ilé amọ̀ lòun náà, sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù lọ́dún yẹn ló sì fi rẹ́ ẹ. (Mi ò béèrè bó ṣe ṣẹ́kù.) Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tòun ti agbádá, ó fi ìka kan ògiri. Ó dún gbò, bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo. Ó sún síwájú, ó tún kàn án. Ọmọ mi ọkùnrin tẹ̀ lé e lẹ́yìn, òun náà ń kàn án, ó ń tẹ́tí.