Àbọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ Holliday

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní tí sáà 2024 bá parí, màá wá jábọ̀. Lóṣù Kẹrin ni mo béèrè bóyá àwọn Orioles, ẹgbẹ́ baseball ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kò kánjú gbé Jackson Holliday, ọmọ ogún ọdún, wọ ẹgbẹ́ àgbà. Ìgbà 34 ló fi igi dúró de bọ́ọ̀lù, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbá a re. Wọ́n dá a padà sí Norfolk, ẹgbẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ wọn. Ẹ fi mí ṣẹ̀sín nígbà yẹn pé àníyàn mi ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ 31 oṣù Keje ni wọ́n pè é padà. Mo wà ní Camden Yards, pápá wa, ẹ̀pà lọ́wọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti kún orí béèsì, ibùdó mẹ́ta tí wọ́n máa ń sá gbà kí wọ́n tó wọlé gba àmì. Ó gbá a! Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá orí àwọn tó jókòó, ó já sí Òpópónà Eutaw. Home run (bọ́ọ̀lù tó fò jáde kúrò ní pápá) rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn mẹ́rin wọlé. Gbogbo ẹ̀pà mi dà sílẹ̀. A na Blue Jays ti Toronto 10-4.

 

Ìparí ńkọ́? Nínú ìdíje tó tẹ̀lé sáà, Royals ti Kansas City nà wá 1-0, wọ́n tún nà wá 2-1, nílé wa níbí.

Mo ṣì gbà pé wọ́n kánjú, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀ jàre díẹ̀. Ó tán lẹ́nu mi. Ẹ ṣeun.