Mo fẹ́ ra gìtá iná Gibson ES-330 àtijọ́ láti Amẹ́ríkà: ìwé wo ni kí n bèèrè kí n tó sanwó?

Ọmọ_Alákétu, Kétu
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà onígìtá. Oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà ní ES-330 lọ́wọ́, ó ní ti 1964 ni. 5,500 dọ́là ló ń pè é, owó ọkọ̀ ò sí nínú ẹ̀. Báńkì nìkan ló fẹ́ kí n gbà sanwó. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé palissandre ti Brazil (igi tí wọ́n ń pè ní rosewood lédè Òyìnbó) ni pákó ojú ọrùn gìtá náà, àmọ́ nígbà tí mo bèèrè ìwé, ó ní láti 2019 ni wọn ò ti béèrè ìwé lórí ohun èlò orin mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Baba_Okùn_Mẹ́fà, Àjàṣẹ́
Àbúrò, ìdajì òótọ́ ló sọ fún ọ. Ní oṣù kìíní 2017, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń tán lọ, kó gbogbo igi Dalbergia, ìyẹn ìdílé igi palissandre, sábẹ́ ìwé àṣẹ. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2019, wọ́n yọ ohun èlò orin tó ti parí kúrò nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Brazil, Dalbergia nigra, kò sí lára ohun tí wọ́n yọ. Láti 1992 ló ti wà ní Appendix I, àkójọ tí òfin rẹ̀ le jù, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan tó kí wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ lé odidi gìtá. Benin wà nínú àdéhùn náà, Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí pé igi náà ti wà kí òfin tó dé ni kó o bèèrè. Òun tó ń tà ló máa gbà á lọ́wọ́ U.S. Fish and Wildlife Service, ó sì máa ń pẹ́, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sá fún un. Ojúlówó ìwé náà ló gbọ́dọ̀ bá ẹrù rìn, kì í ṣe ẹ̀dà. Kí ẹrù tó gbéra, fi ẹ̀dà rẹ̀ han àwọn Eaux, Forêts et Chasse, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó, ní Kútọnu. Tó bá ní òun á kọ “rosewood” lásán, má gbà fún un. Tó bá sì ní òun á pààrọ̀ pákó náà, iye gìtá ti já nìyẹn.

Atúngìtáṣe, Ṣábẹ
Ṣé 1964 tiẹ̀ ni? Ẹ má gbára lé nọ́ńbà ẹ̀yìn orí, torí Gibson lo nọ́ńbà kan náà fún gìtá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láwọn ọdún 1960. Ẹ ní kó wọn fífẹ̀ eegun funfun tí okùn ń gbà kọjá sí orí. Ti 1964 máa sún mọ́ mílímítà 43. 1965 ni wọ́n dín in kù sí bíi 40. Tó bá jẹ́ 40 lẹ bá, ẹ má san owó 1964.

ES-330 ṣófo nínú, kò ní igi àárín. Tó bá tú pickup P-90 kan (ohun tó ń gbé ìró okùn), tó ti kámẹ́rà fóònù sí ihò náà, á rí ẹ̀yìn àwọn pot, ìyẹn ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí ìró. 134 níwájú nọ́ńbà tó wà lára wọn, iléeṣẹ́ Centralab ló ṣe é nìyẹn, 137, iléeṣẹ́ CTS. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọjọ́: 6412 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejìlá 1964. Pot lè dàgbà ju gìtá lọ. Tó bá kéré sí i, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ojú òjé náà: ti àtijọ́ máa ń ṣú, tó bá ń dán gbinrin, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án láìpẹ́.

Ẹ ní kó tan iná UV sí ibi tí orí pàdé ọrùn, kó sì ya fọ́tò. Fánìṣì àtijọ́ máa ń mú àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ wá. Ibi tí wọ́n tún kùn máa dá dúdú. Ibẹ̀ ni Gibson ti sábà máa ń kán: orí ti tẹ̀ sẹ́yìn ní dígíríì 17, wọ́n sì tún gbẹ́ ihò irin ọrùn síbẹ̀. Èyí tó kán tí wọ́n lẹ̀ dáadáa ṣì máa dún, àmọ́ nǹkan bí ìdajì owó ni.

Ọmọ_Alákétu
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ báńkì àti aṣọ́bodè ńkọ́?

Transit_Ouando, Àjàṣẹ́
Báńkì yín máa bèèrè facture proforma, ìyẹn ìwé iye owó tí oníṣòwò ń kọ kí ẹ tó sanwó. Kí nọ́ńbà gìtá wà lórí ẹ̀. Níbi owó iṣẹ́ lórí fọ́ọ̀mù, OUR ni kẹ́ ẹ mú, ìyẹn pé ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo owó iṣẹ́ náà. Tó bá jẹ́ SHA, tí ẹ jọ máa pín in, báńkì tó wà láàárín lè gé tiẹ̀, owó á dé láìpé, oníṣòwò ò sì ní gbé ẹrù. Nọ́ńbà àkáǹtì tó bá gba ímeèlì wá, ẹ pe ilé ìtajà náà lórí fóònù tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, kí wọ́n kà á sí yín létí. Àwọn gbájúẹ̀ ń wọnú ímeèlì ẹlòmíì, nọ́ńbà yẹn nìkan ni wọ́n á yí. Owó báńkì tó bá ti lọ, gbígbà á padà ṣòro gan-an.

Aṣọ́bodè máa pa iye gìtá, owó ọkọ̀ àti owó ìbánigbófò pọ̀, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò owó ibodè. TVA, owó orí ọjà, 18% á wá gun gbogbo ẹ̀. Kóòdù aṣọ́bodè fún gìtá iná ni 9207. Ẹ má jẹ́ kó kọ 500 dọ́là torí àtidín owó ibodè kù: tó bá fọ́ lọ́nà, 500 yẹn náà ni ìbánigbófò máa wò.

Atúngìtáṣe
Ẹ sọ fún un pé kó dẹ okùn díẹ̀, kó má yọ ọ́ tán, kí afárá má bàa já bọ́ kó sì ha ojú gìtá. Kó ki fóòmù sábẹ́ orí àti sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nínú àpótí. Orí tó ń mì nínú àpótí ló ń kán.

Tó bá dé, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó ṣí i. Fánìṣì nitro tó ti inú òtútù ọkọ̀ òfuurufú bọ́ sínú ooru lẹ́ẹ̀kan náà máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọyẹ́ Kétu sì gbẹ ju ti Àjàṣẹ́ lọ, torí náà ẹ fi hygrometer kékeré, ohun tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, sínú àpótí: 45 sí 55% ló dáa. Tó bá ti pẹ́ lábẹ́ 40, pákó ojú ọrùn á sún kì, etí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ á máa gún yín lọ́wọ́.