Inú ìwé owó opó ni a ti rí ìyá àgbà

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ mi ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń gbọ́ nípa ìyá tó bí baba ńlá baba rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ orúkọ àwọn òbí obìnrin náà. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé ó ṣe ẹrú ní oko tábà kan ní káúńtì Jessamine, àti pé ọkọ rẹ̀ ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti 1861 sí 1865.

Ìwé ìkànìyàn ni mo kọ́kọ́ tú. Mo rí i nínú ti ọdún 1870 pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ, ìyẹn ìkànìyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn tó ti jẹ́ ẹrú sílẹ̀. Ní 1850 àti 1860, abẹ́ orúkọ olówó wọn ni wọ́n kà wọ́n sí: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara, ó parí. Ẹni tó bá ń wá irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ó tọ ipasẹ̀ ọkọ.

Ipasẹ̀ ọkọ náà kò tètè hàn, nítorí orúkọ olówó rẹ̀ ló fi wọṣẹ́ ogun ní Camp Nelson, àgọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní Kentucky, ní 1864, tó sì ti pa á tì kí 1870 tó dé. Àkọsílẹ̀ àwọn tó béèrè owó opó, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fún opó ọmọ ogun, ló so orúkọ méjèèjì pọ̀, a sì gba ẹ̀dà ìwé náà láti ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington.

Ẹrú kì í ní ìwé ìgbéyàwó, nítorí náà opó ní láti mú ẹlẹ́rìí wá tó mọ̀ pé wọ́n jọ gbé bíi tọkọtaya. Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ̀ ló jẹ́rìí. Ó ní alẹ́ Sátidé ni ọkọ máa ń fẹsẹ̀ rìn wá láti oko olówó tirẹ̀, ó sì dárúkọ ìyá tó bí ìyá àgbà, orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbọ́ rí. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé: akọ̀wé ló kọ orúkọ rẹ̀, òun sì fa àmì X wẹ́wẹ́ kan sáàárín rẹ̀.

Ó ròyìn bí òun ṣe tẹ̀ lé ọkọ òun dé Camp Nelson. Ní November 1864, nínú òtútù tó mú gan-an, àwọn ọmọ ogun lé àwọn obìnrin àti ọmọdé bíi 400 jáde níbẹ̀, wọ́n wó ahéré wọn, àwọn tó kú sì lé ní 100. Ariwo tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tó bí òfin March 3, 1865, tó sọ ìyàwó àti ọmọ àwọn ẹrú tó wọṣẹ́ ogun di òmìnira, nítorí ìkéde òmìnira ẹrú tí Ààrẹ Lincoln ṣe ní 1863 kò kan Kentucky.

Ojú ewé kan ṣì ń bí mi nínú. Láti 1882, bí opó bá ń bá ọkùnrin gbé láìṣègbéyàwó, ìjọba lè gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀; ni aṣojú ìjọba bá ń bi àwọn aládùúgbò pé ta ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Ìwọ̀sí ni, àmọ́ ibẹ̀ la ti mọ̀ pé méjì nínú àwọn aládùúgbò náà jẹ́ àbúrò rẹ̀.

Orúkọ olówó rẹ̀ tí a rí nínú ẹ̀rí náà ni mo gbé lọ sí kóòtù káúńtì, torí pé ìwé ogún máa ń to ẹrú pẹ̀lú orúkọ àti iye owó tí wọ́n dá lé e. Nígbà tí olówó náà kú, wọ́n pín ìyá àgbà fún ọmọbìnrin olóògbé náà, wọ́n pín ìyá rẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ Missouri. Missouri la ti ń wá a báyìí.