"Aláìlábùkù" ni àbí "ẹ̀rí ìbámu"?

Àwọn kan dábàá pé, lédè Yorùbá, ká máa pe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi ìṣirò yẹ̀ wò délẹ̀ ní "aláìlábùkù". Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìlérí tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ju agbára ìṣirò lọ.

Iṣẹ́ náà lágbára lóòótọ́. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà fi ìṣirò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé seL4, ìpìlẹ̀ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ nǹkan bí ìlà àṣẹ kọ̀ǹpútà 8,700, bá ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kó máa ṣe mu. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ pé àwọn gbà pé ẹ̀rọ tó ń gbé e ṣiṣẹ́ ò ní ṣàṣìṣe. Ta ló wá yẹ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ọ̀hún wò?

Ká ní ọmọ kan kọ ètò owó fún ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Àdéhùn wọn ni pé kó sọ iye yáàdì dowó, kó yọ èyí tí oníbàárà ti san, kó sọ gbèsè tó kù. Ẹ̀rí lè dúró gbọn-in pé kò ní ṣi kọ́bọ̀, bó ti wù kí aṣọ pọ̀ tó. Oníbàárà wá dá yáàdì márùn-ún padà torí pé aró rẹ̀ ń ṣí. Kò sẹ́ni tó fi ìdápadà sínú àdéhùn, nítorí náà gbèsè aṣọ tó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́rùn ẹni ẹlẹ́ni. Ìyá á ní ètò yìí ti bàjẹ́. Ọmọ á ní ẹ̀rí òun rèé. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "ẹ̀rí ìbámu". Ẹni tó bá gbọ́ ọ á béèrè pé: ó bá kí ni mu? "Aláìlábùkù" ò bí ìbéèrè kankan.

"Àrídájú" tí ẹlòmíì mú wá dùn létí, àmọ́ ìdánwò, ìyẹn ká lo ètò ká fojú wo ohun tó ṣe, ni "rí" inú rẹ̀ bá lọ. Ẹ̀rí ìṣirò dé ibi tójú ẹnikẹ́ni ò tíì tó. Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti là á mọ́lẹ̀ tipẹ́: ìdánwò lè fi hàn pé àṣìṣe wà, kò lè fi hàn pé kò sí.

Ẹ má sì jẹ́ ká máa fi ọ̀rọ̀ Turing, onímọ̀ ìṣirò, parí ẹjọ́ yìí. Ohun tó fi hàn lọ́dún 1936 ni pé kò sí ọgbọ́n kan ṣoṣo tó lè sọ fún wa, lórí gbogbo ètò pátá, bóyá yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kò ní parí. Kò ní ká má fìdí ẹyọ ètò kan múlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Kútọ̀ àti Lafẹ́nwá, ẹ bá mi lo "ẹ̀rí ìbámu" fún wọn, kẹ́ ẹ sọ bó ṣe rí lẹ́nu wọn.