Sopwith Camel: kí ló ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mú àbúrò mi lọ sí RAF Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, ní Hendon ní London níbí, a wá dúró síwájú Sopwith Camel, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ogun àgbáyé kìíní, èyí tí wọ́n to apá ẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo kà á pé ó já bàálù ọ̀tá tó lé ní 1,200, àmọ́ pé páílọ́ọ̀tì 385 ló kú nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀tá yìnbọn fún wọn. Kí ló fà á? Ṣé wọn ò ṣe é dáadáa ni?

Baba Ẹlẹ́ńjìnnì:
Àbúrò, wọ́n ṣe é dáadáa o. Ní 1916 àwọn Jámánì gbé bàálù ogun tí wọ́n ń pè ní Albatros jáde tòun ti ìbọn arọ̀jò ọta méjì, Sopwith Pup tọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì rèé, ìbọn ẹyọ kan, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ju agbára ẹṣin 80 lọ. Ni Herbert Smith, ẹni tó ń ya àwòrán bàálù fún ilé iṣẹ́ Sopwith, bá ya òmíì, wọ́n ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i, wọ́n gbé ìbọn Vickers méjì síwájú páílọ́ọ̀tì, wọ́n wá fi páànù bo ìdí ìbọn yẹn kí òtútù òkè má bàa mú un gan. Páànù yẹn ló yọ gegele bí iké ràkúnmí tí wọ́n fi ń pè é ní Camel. Harry Hawker, páílọ́ọ̀tì tó ń dán bàálù wò fún Sopwith, ló kọ́kọ́ gbé e fò ní Brooklands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní December 1916, nígbà tó fi máa di June 1917 ó ti wà lójú ogun.

Ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ti mọ́tò wa, ṣáfútì, ìyẹn ọ̀pá irin inú ẹ́ńjìnnì, ló ń yí, bùlọ́ọ̀kù tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì dúró sójú kan. Ti Camel, ṣáfútì ni wọ́n dè mọ́ ara bàálù, sìlíńdà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ìyẹn àwọn ihò tí epo ti ń jó, ló ń yí fìrìfìrì pẹ̀lú fáànù iwájú! Ẹ yọ táyà kẹ̀kẹ́ kan, ẹ di ọ̀pá àárín ẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, kẹ́nì kan bá yín yí i kíkankíkan, kẹ́ ẹ wá ní kẹ́ ẹ yà á sọ́tùn-ún, ẹ máa rí i pé ó máa tẹ̀ síbi tẹ́ ò rán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù yẹn, tó bá yà sọ́tùn-ún imú ẹ̀ á fẹ́ dorí kodò, tó bá yà sósì imú ẹ̀ á fẹ́ gbé sókè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà, ọ̀tún yẹn ló fi ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá torí pé ó ń yára yà níbẹ̀ gan-an.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ lẹ sọ sà. Ẹ fi kún un pé ẹ́ńjìnnì, ìbọn, páílọ́ọ̀tì àti tánkì epo, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje níwájú ni wọ́n há gbogbo ẹ̀ mọ́, torí ẹ̀ ló ṣe ń yí bírí. Tó bá ti gbéra tán, páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ tètè dín epo tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì kù, ẹni tó bá gbàgbé, epo á bo ẹ́ńjìnnì, á kú lójijì, tánkì ṣì kún, ìdí bàálù wúwo, ló bá ń pòòyì bọ̀ wálẹ̀, kò sì sókè tó láti tún un ṣe. Ìjókòó kan ló ní, olùkọ́ ò lè bá ọmọ jókòó, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wà á lòun nìkan ń wà á. Àwọn ọmọ kéékèèké o, ó máa ń dùn mí. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó tún àwọn kan ṣe sí oníjòókòó méjì fún ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ ṣeun gan-an sà, ẹ ṣeun mà. Fáànù lèmi tẹjú mọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò wo ẹ̀yìn ẹ̀ rárá. Mò ń padà lọ ka sìlíńdà yẹn.