Èsì: Ohun ìṣeré ológbò, àbí kí ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti pinnu pé n kò ní dá sí i, torí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹnì kan kọ "ohun èlò ìdárayá ológbò", tí ẹni mẹ́ta sì kan sáárá sí i, ara mi ò gbà á mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: arábìnrin wa kan tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún dókítà ẹranko ló béèrè pé kí ni ká máa pe àwọn nǹkan tí ológbò fi ń ṣeré nínú ilé. Mẹ́rin ni ìwé náà dárúkọ: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so okùn àti ìyẹ́ mọ́ lórí, iná pupa bíńtín tí wọ́n ń tàn sára ògiri, páálí òfìfo, àti ewé tí òyìnbó ń pè ní catnip, tó máa ń pa àwọn ológbò kan bí ọtí. Àwọn ìdáhùn tó ti wọlé ni "ohun ìṣeré ológbò", "ọmọláńgidi ológbò", "ohun èlò ìdárayá", àti ti bàbá wa tó ní ká kọ ọ́ ní "tọ́ì", kí oníkálukú lọ sùn.

Ìdárayá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé sọnù. Ẹni tó ń dára yá mọ̀ pé òun ń dára yá. Ó wọ bàtà, ó lọ sí pápá, ó ń ka iye ìgbà tó sá yípo. Ológbò wo lẹ rí tó ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ó ń rùn bí ìgbà tí kọmíṣọ́nnà fẹ́ gé ríbọ́ǹ. N ó padà sórí rẹ̀ níbi iná pupa, torí ẹni tó kọ ọ́ ní alátìlẹ́yìn níbi tí kò rò.

Ọmọláńgidi náà kọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ tó ní ọmọláńgidi ń pọ̀n ọ́n, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ tí kò lè jẹ. Ẹ wá wo ohun tí ológbò ń ṣe sí eku aláṣọ tí wọ́n rà fún un. Ó di í mú lọ́rùn, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ta á léraléra, bó bá ṣe ẹran gidi ni, ìfun rẹ̀ ti dé ìta. Ta ló ń ṣe ọmọláńgidi rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

"Ohun ìṣeré ológbò" sàn jù wọ́n lọ. Ibi tó ti ń já ni pé kò sọ ta ló ń ṣeré. Ṣé ohun tí ológbò fi ń ṣeré ni, àbí ohun ìṣeré ọmọdé tí wọ́n ṣe bí ológbò, àbí ohun tí àwa fi ń bá ológbò ṣeré? Ẹnì kan ti fèsì níbí pé kò sí wàhálà: oúnjẹ ajá ni èyí tí ajá ń jẹ, ẹran ajá ni èyí tí wọ́n fi ajá sè, kò sì sí ará Oǹdó tó máa ṣi ọ̀kan rà fún èkejì. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà fún un. Síbẹ̀, fún àkọlé lókè ojú ìwé, ẹ kọ "ohun ìṣeré fún ológbò". "Fún" kékeré yẹn ti yanjú ìjà.

Eré gan-an ni ìjà mi. Ìyá mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn. Ológbò kan wà ní ìsọ̀ wọn, dúdú, tí etí rẹ̀ kan ti ya. Kò sẹ́ni tó mú un wá fún eré. Eku ló mú un wá. Ọlọ́dẹ ni ìyá mi ń pè é, torí pé òru ló ń ṣiṣẹ́, kò sì béèrè owó oṣù. (Àwọn oníbàárà kan wà tí wọn kì í fẹ́ kó fara kàn wọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ìyẹn fún ọjọ́ mìíràn.) Ọlọ́dẹ yìí ò ní ohun ìṣeré kan tí ẹ lè nàka sí. Ohun tó ní ni ṣùkù àgbàdo, ìdérí ìgò, okùn tí wọ́n tú lẹ́nu àpò ìrẹsì, ẹyọ ẹ̀wà tó já bọ́ láti inú kóńgò, àti ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ lọ̀gá wọn. Kí ìgbálẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti àárọ̀ dalẹ́, Ọlọ́dẹ ò ní wo ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá mi gbé e, kí wọ́n fi gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré: ojú rẹ̀ á là rekete, á ba mọ́lẹ̀, á máa mi ìdí, ká tó ṣẹ́jú, ó ti bẹ́ mọ́ ọn.

Ìgbálẹ̀ kan náà ni o. Ìrìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di nǹkan lójú ológbò.

Àwọn tó kọ́ nípa ẹranko ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1998, Sarah Hall àti John Bradshaw, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé ológbò tí ebi ń pa máa ń "ṣeré" kíkankíkan ju èyí tó yó lọ. Ní 2002, àwọn àti ẹnì kẹta wọn tún fi hàn pé ohun kan náà kì í pẹ́ sú ológbò, àmọ́ bí ẹ bá yára fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, á tún gbéra bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan látàárọ̀. Ẹ bá mi rò ó. Ọmọ tí ebi ń pa kì í ṣeré, ẹkún ló ń sun. Bí ebi bá ń jẹ́ kí nǹkan kan le sí i, ṣé eré ni, àbí ọdẹ tí ẹran rẹ̀ ò sí nílé?

Kí n má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ̀rí wà ní òdì kejì. Ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2023, tí wọ́n fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn 924 lórí ológbò 1,154 tó máa ń gbé nǹkan padà wá fún ẹni tó jù ú. Bíi 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Bébà tí wọ́n rún, rọ́bà ìdìrun, ìdérí ìgò, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Èyí sún mọ́ eré tí ọmọ ènìyàn ń ṣe: jù ú, n ó gbé e wá, tún un jù. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fi "ìṣeré" sílẹ̀ sínú àkọlé. Àmọ́ tó bá ti di orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe sí ológbò ni kó bí orúkọ rẹ̀.

Páálí rọrùn. Ológbò kì í fi bẹ́ẹ̀ fi páálí ṣeré, inú rẹ̀ ló sábà máa ń wọ̀. Ní 2014, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Utrecht ní Netherlands: àwọn ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìtọ́jú ẹranko tí kò nílé, tí wọ́n fún ní páálí láti sá sí, ara wọn tètè rọlẹ̀ ju ti àwọn tí kò rí páálí gbà. Èdè wa sì ti ní ọ̀rọ̀ fún ibi tí ẹranko ń ba sí: ibùba. "Ba" tó wà nínú rẹ̀ ni Ọlọ́dẹ ń ṣe níwájú ìgbálẹ̀ yẹn. Kò sí ohun tí a fẹ́ ṣẹ̀dá níbẹ̀, ẹ kọ "páálí fún ibùba", ká kọjá.

Iná pupa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, ìjọba Amẹ́ríkà fún Kevin Amiss àti Martin Abbott ní ìwé ẹ̀rí pé àwọn ló ni ìhùmọ̀ fífi iná lésà mú ológbò sáré kiri ilé. Àkọlé tó wà lórí ìwé náà ni "Method of exercising a cat". Alátìlẹ́yìn tí mo sọ nìyẹn, ìdárayá gan-an ni wọ́n pè é! Kò yí mi lérò padà. Ojú ológbò kì í rí pupa dáadáa, àwọ̀ kọ́ ló ń lé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sá ló ń lé, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní tẹ̀ láé. Ó bẹ́ mọ́ ọn, ọwọ́ òfìfo ló gbé sókè. Nítorí náà mo dá a lábàá pé ká pè é ní "iná ẹ̀tàn". Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn: òòrùn ń tàn, oníjìbìtì náà ń tàn wá, ohùn kan náà ló wà lórí méjèèjì. Iná tó ń tàn, tó ń tàn án. Dókítà ẹranko tó dáa á ní kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹran díẹ̀, kí ọdẹ má lọ sùn lásán. Ẹ rí i, ọdẹ náà ni mo tún kọ, n ò mọ̀ ọ́n mọ̀.

Ti ewé, ẹnì kan ní "efinrin ológbò". Ó wù mí. Ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko to catnip àti efinrin sí. Ẹ fọwọ́ kan igi efinrin tó ṣì rọ̀, onígun mẹ́rin ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ti catnip. A sì ti ní efinrin ńlá àti efinrin wẹ́wẹ́, ilé náà ṣì láyè fún ẹnì kan sí i. Ìbẹ̀rù mi ni pé ẹnì kan á lọ ra efinrin ọbẹ̀, á gbé e síwájú ológbò, á máa retí kó yí gbiri bí ọ̀mùtí. Mo ti ṣe é. Ọlọ́dẹ gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó bá tirẹ̀ lọ. Catnip gidi pàápàá, kì í ṣe gbogbo ológbò ló ń pa. Ọ̀rọ̀ ìran ni, ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò sì sábà dá a lóhùn. Kí arábìnrin wa fi gbólóhùn kan sí i pé kì í ṣe efinrin ọbẹ̀, ó ti tó.

Ó wá ku ọ̀pá, tí gbogbo ariwo wà lórí rẹ̀.

Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Katzenangel, ìyẹn ọ̀pá ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, àmọ́ ti ológbò. Ẹnì kan ti fẹ́ gbé e wọlé fún wa: "ìwọ̀ ológbò". Rárá o. Lákọ̀ọ́kọ́, létí mi, ìwọ̀ tí wọ́n fi ń mú ológbò nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kejì, ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ẹ yọ àmì ohùn ìkẹyìn kúrò, ó di "ìwọ ológbò", bí ẹni tó ń bú ọmọ aládùúgbò.

Ti Jàpáàn ló gba ọkàn mi. Koríko kan wà lọ́dọ̀ wọn tí orí rẹ̀ rí bí ìrù, tó nírun. Nínú ìwé, orúkọ ọmọ ajá ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́nu ará ilé, nekojarashi ni. Neko ni ológbò. Jarashi, ohun tó ń tọ́ ọ kó dìde ṣe nǹkan. Ẹnì kan já koríko, ó mì ín níwájú ológbò, orúkọ dé. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe ọ̀pá onírun sínú ṣọ́ọ̀bù, orúkọ koríko ni wọ́n gbé fún un.

Àwa náà ní ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn: fínràn. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni "ọ̀pá afínràn", tàbí "afínràn" lásán bó bá ti ṣe kedere. N kò fẹ́ "ìfínràn", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbálẹ̀ àti ìdérí ń fi ì- bẹ̀rẹ̀, torí pé ìwà yẹn fúnra rẹ̀ ni ìfínràn ń jẹ́ lónìí. A- náà sì ń bí ohun èlò: agbòjò kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tó bá ní kí ológbò wọ inú ọ̀rọ̀ náà, "afínlógbòníràn", kó kọ́kọ́ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láì mu omi.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní èébú ni, pé oníjàgídíjàgan là ń pè ní afínràn. Ṣebí èébú náà ni ká ní ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ láì gba èsì? Síbẹ̀ asọ̀rọ̀mágbèsì di rédíò, kò sì sẹ́ni tó bínú. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi so ìyẹ́ adìẹ mọ́ okùn àpò, ó ń wọ́ ọ kiri iwájú ìsọ̀, Ọlọ́dẹ ń ba tẹ̀ lé e. Ìyá mi ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má fín ẹran náà níràn mọ́, iṣẹ́ ń bẹ fún un lálẹ́." Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. N kò ṣẹ̀dá nǹkan kan.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa wò. Ìwé náà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi okùn sílẹ̀ fún ológbò nìkan, torí ẹ̀gún wẹ́wẹ́ orí ahọ́n rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun, okùn tó bá ti wọlé kì í rọrùn láti tu. Bó bá dé inú, á fa ìfun jọ, ó sì lè di iṣẹ́ abẹ. Arábìnrin wa kọ "ìfun á ká", mo ní "ìfun á súnkì", bí etí àpò tí a fa okùn rẹ̀. Èwo ló yé yín jù? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba ìwé náà lọ́wọ́ arábìnrin wa.