Ìyẹ̀bòwò ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìjẹ́rìísí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àǹtí wa tó dábàá "ìjẹ́rìísí" fún verification nínú ìbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kí olùdìbò fúnra rẹ̀ yẹ ìbò rẹ̀ wò bóyá ó wọlé, mo kúnlẹ̀ kí n tó ta kò yín: "ìyẹ̀bòwò" ni mo fẹ́ ká máa pè é.

Bí wọ́n bá ń so yìgì n'Ílọrin, àwọn ẹlẹ́rìí ló ń jẹ́rìí, ọkọ ìyàwó kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "ìjẹ́rìísí ìbò" á rò pé àwọn kan ti bá òun jẹ́rìí sí i, á gbé fóònù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wò ó. (Ẹ̀rọ BVAS tí INEC ń lò ní ibùdó ìdìbò kò sí nínú èyí o. Olùdìbò lẹ̀rọ yẹn ń dá mọ̀, kì í yẹ ìbò wò.)

Màámi dìbò ẹgbẹ́ kan lórí fóònù ní Òmù-Àrán. Bí wọ́n ṣe parí, lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ yọ, àkọlé rẹ̀ ni "kóòdù ìfìdímúlẹ̀". Wọ́n ní, "Ṣé káàdì rìchájì ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni?" Ẹnìkan ò ṣàlàyé pé kí wọ́n wá a nínú àkójọ kóòdù tí ẹgbẹ́ lẹ̀ síta. Ká ní "kóòdù ìyẹ̀bòwò" ni, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ì bá ti ní kí wọ́n lọ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà béèrè pé, bí olùdìbò bá lè wo ìbò rẹ̀, ṣé kò ní fi han ẹni tó fẹ́ rà á, bíi ti "dìbò kóo sebẹ̀"? Ibẹ̀ gan-an ni "ẹ̀rí" tó wà nínú "ìjẹ́rìísí" ti tàsé. Ohun téèyàn ń fi han ẹlòmíì ni ẹ̀rí, àyẹ̀wò yìí ò sì gbọdọ̀ di ohun tá a lè fi gbowó. Kóòdù Màámi ń sọ pé ìbò wọn wà níbẹ̀, kò sọ ẹni tí wọ́n yàn. Ní Estonia ní Yúróòpù, tí wọ́n ti ń dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2005, wọ́n ti lè fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò láti 2013, orúkọ ẹni tí wọ́n yàn á sì hàn. Ṣùgbọ́n wọ́n lè tún ìbò dì, ìkẹyìn ni wọ́n ń kà. Ẹni tó san owó ọbẹ̀ ò mọ èyí tó rà.

Bí dì àti ìbò ṣe bí ìdìbò, bẹ́ẹ̀ ni yẹ̀, ìbò àti wò ṣe bí ìyẹ̀bòwò. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ àyẹ̀bòwò, mi ò ní bá a jà lórí fáwẹ̀lì iwájú.